Alẹ́ẹ̀tì Ọjọ́ Kẹta

Lábẹ́ tábìlì màmá mi ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, ọ̀rá dúdú kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Ẹ̀wà olóyin kóńgò márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Bàbá kan ló ni ín. Wọ́n ti san owó rẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2023, ṣùgbọ́n wọn kò tíì wá gbé e, nítorí pé èmi ni mo lé wọn lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, mo wà ní JS3. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí kò ní tíì gbàgbé ìgbà yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000 sí tuntun. Nígbà tí owó tuntun náà jáde ní oṣù kejìlá, ìyá àgbà mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní owó àná náà ni, wọ́n kàn rẹ ẹ́ láró ni. Ìkéde náà ni pé bí ó bá di ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, a kò ní lè ná owó àtijọ́ mọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì.

Àwọn ènìyàn kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì, báńkì sì gbà á, ṣùgbọ́n tuntun tó yẹ kí wọ́n gbà padà kò tó nǹkan. Mo rí àwọn tó sùn mọ́jú níwájú ẹ̀rọ ATM. Àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta iṣu: kí o tó gba ₦1,000 lọ́wọ́ wọn, wàá fi ₦200 lé e, ìgbà mìíràn wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè fi owó ra owó.

Bí owó bébà ṣe dàwátì ni gbogbo ọjà yíjú sí fóònù. Ìyá Aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọ́n máa ń sọ pé báńkì àwọn kò kọjá etí ìró àwọn, ní kí ọmọ wọn kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè orí ata. Màmá mi nìkan ni kò tètè gbà. Wọ́n ní ìdí tiwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tó ṣáájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ra ààbọ̀ àpò ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó ń pè wọ́n ní “Mọ́mì”. Ó tẹ fóònù rẹ̀, tiwa sì dún: orúkọ báńkì wà lókè, orúkọ màmá mi wà níbẹ̀, iye owó náà pé. Wọ́n tilẹ̀ tún fi ìrẹsì díẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ́nì fún un kí ó tó gun ọ̀kadà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú àkáǹtì. Gbogbo èrè ọdún Kérésìmesì wa ló gun ọ̀kadà yẹn lọ.

Mo bi tíṣà tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó, lẹ́tà lásán ni. Owó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà láti báńkì kan dé èkejì, lórí ètò tí wọ́n ń pè ní NIP, èyí tí ilé-iṣẹ́ NIBSS gbé kalẹ̀ ní ọdún 2011. Lẹ́tà tó ń sọ pé owó dé ní ọ̀nà tirẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Nítorí náà owó lè dé kí lẹ́tà má dé. Lẹ́tà náà sì lè dé láìsí owó, nítorí pé ẹni tó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀ lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó fi orúkọ báńkì sórí rẹ̀. Àwọn kan ní áàpù ayédèrú tó ń gbé rìsíìtì jáde láìsí kọ́bọ̀ kan nídìí rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi ara mi jẹ olùṣọ́ fóònù. Mo gbé áàpù báńkì sórí fóònù màmá mi, mo ní kí wọ́n má gba lẹ́tà kankan gbọ́ mọ́. Bí owó kò bá hàn nínú áàpù, kò sí owó nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń jókòó ti fóònù náà. Àwọn ìyá tó wà láyìíká wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá fún mi kí n bá wọn wò ó. Orí mi wú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù kejì, ni bàbá náà wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a dìbò yan ààrẹ, mọ́tò olóṣèlú kan sì ń pariwo kọjá lójú títì. Wọ́n dé fìlà àwọ̀ ewé kan tó ti gbó létí. Wọ́n ní kí a wọn ẹ̀wà kóńgò márùn-ún, ₦900 ni kóńgò kan nígbà náà. Wọ́n ní àwọn kò rí owó gbà ní báńkì láti ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ àwọn ló kọ́ àwọn bí a ṣe ń fi fóònù sanwó. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pe nọ́ńbà àkáǹtì wa sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n na fóònù sí mi.

“Ó ti lọ, ọmọ mi. Wò ó.”

Ohun tó wà lójú fóònù wọn ni pé owó ti lọ lóòótọ́. Mo ṣí áàpù tiwa. Owó kò dé. Mo tì í, mo tún ṣí i. Kò dé. A dúró títí oòrùn fi kan wá lábẹ́ agboòrùn. Màmá mi ti yíjú sí ẹlòmíràn, wọ́n ń wọn gàrí. Bàbá náà tún ní, “Báńkì ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ mi o. Òun náà ló kù síbẹ̀. Àbí kí n fi nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀ ni?”

Ìrẹsì Kérésìmesì ni mo rántí. Ìdọ̀bálẹ̀ ọmọkùnrin yẹn ni mo rántí. Mo ní, “Bàbá, bí gbogbo olè ṣe máa ń sọ nìyẹn.”

N kò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tó wà nítòsí yíjú. Alábàárù kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kí a yẹ àpò wọn wò. Màmá mi pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn tí wọ́n fi pè é kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Bàbá náà wò mí. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi nu ojú, wọ́n tún dé e. Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀rá ẹ̀wà náà padà sórí tábìlì, wọ́n sì lọ. Kí màmá mi tó yí ẹ̀yìn tábìlì jáde láti pè wọ́n padà, èrò ọjà ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni fóònù dún. Màmá mi wà nídìí àdògán, èmi ni fóònù wà lọ́wọ́ mi. ₦4,500. Mo ṣí áàpù, owó wà níbẹ̀, orúkọ bàbá náà sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú fóònù kò yí padà: áàpù ni mo ní kí a gbàgbọ́, áàpù náà ló wá ń jẹ́rìí báyìí.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n dákẹ́. Mo jẹun tán kí n tó sọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹgba, ṣùgbọ́n màmá mi kò nà mí. Wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Kí ni wọ́n wá jẹ lọ́jọ́ Sátidé?”

A lọ sí báńkì wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀, inú ń bí gbogbo wọn. Òṣìṣẹ́ kan sọ fún wa pé àwọn kò lè fún wa ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó san owó náà, àti pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ni kí ó lọ fẹjọ́ sùn ní báńkì tirẹ̀. N kò lè bá a jà. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà màmá mi ni, n kò ní fẹ́ kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Mo bi àwọn alábàárù, mo bi àwọn ọlọ́kadà iwájú ọjà. Sátidé mẹ́rin ni mo fi ń wo orí àwọn ènìyàn bóyá màá rí fìlà àwọ̀ ewé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà, owó sì ń padà sọ́jà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ kí a dín owó bébà kù. Èmi kò lòdì sí fóònù o. Ó ti gba màmá mi lọ́wọ́ àtigbé owó gba inú òkùnkùn kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ọjà gba orí afárá kan kọjá lọ́jọ́ kan náà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọn bí afárá náà ṣe fẹ̀ tó. Owó bàbá yẹn wà lórí afárá fún ọjọ́ mẹ́ta, èmi sì ń pè wọ́n ní olè ní etí odò.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà mi ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá tó bí àwọn máa ń to iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, á sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, iye òkúta ni iye owó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á fi owó síbẹ̀, á gbé iṣu lọ. Mo ní bóyá kò sí olè láyé ìgbà náà. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín.

“Olè wà. Kí ni wọ́n wá ń so ààlè fún? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn la mọ ilé wọn.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Bàbá tìrẹ yẹn, ṣé o bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé?”

N kò bi wọ́n. Wọ́n fẹ́ fún mi ní nọ́ńbà fóònù wọn, n kò gbà á.

Mo ti máa ń fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí alájọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún un ní ₦500, á fi báírò sàmì sínú káàdì, bí oṣù bá parí á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á kó ìyókù fún wọn. Mo ní báńkì kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi wà ní ilé ìwòsàn, alájọ yìí ló gbé owó wá sílé lóru kí oṣù tó pé. Ó mọ ilé wa.

Màmá mi ní ìwé kan báyìí. Bí alẹ́ẹ̀tì oníbàárà bá pẹ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, á sì gbé ọjà rẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń kọ ọ́. Títí di òní, ẹni méjì ni owó wọn kò dé, tí nọ́ńbà wọn kò sì lọ mọ́. ₦11,000 ni wọ́n jẹ lọ. Ìyá Aláta ní màmá mi ń ṣe sàráà ni, kì í ṣòwò. Èmi náà kì í lè sùn dáadáa lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Mo ṣì ń wo áàpù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé báírò.

Mo ti wọ SS2 báyìí. Ní ọdún tó kọjá, owó ẹ̀wà gun òkè dé ibi tí kóńgò kan fi ju ₦2,500 lọ. Mo sọ fún màmá mi pé ₦4,500 bàbá náà kò lè ra kóńgò méjì mọ́, ṣé kí n dín in kù. Wọ́n ní, “Kóńgò márùn-ún ni wọ́n rà.”

Sátidé tó kọjá, mo tú ọ̀rá náà. Kòkòrò ti tún wọ ẹ̀wà inú rẹ̀. Mo dà á sọ́tọ̀ fún adìyẹ, mo wọn kóńgò márùn-ún tuntun, mo sì fi bébà tí mo kọ orúkọ inú alẹ́ẹ̀tì sí padà sórí rẹ̀. Mo so ẹnu ọ̀rá náà, mo tì í padà sábẹ́ tábìlì.