Gbígbọ́ Ohun Tí A Ń Ṣe Àmín Sí

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí orúnkún ẹni wà nílẹ̀, kí ojú dì, kí ẹnu sì máa ṣe "Àmín," síbẹ̀ kí ọkàn ti rin ìrìn àjò jìnnà. Mo mọ ìrìn àjò náà, nítorí pé mo ti rìn ín rí, ó sì kó ìtìjú bá mi.

Ìdèrè, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, nítòsí Ìgbò-Ọrà, ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Ní àkókò náà àrùn sòbìà ń bá wa jà gidigidi. Inú omi adágún tí a ń mu ni a ti ń kó o. Bí ó bá tó bí ọdún kan, aràn gígùn funfun a dá egbò sí ẹsẹ̀, a sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó dá dùbúlẹ̀ tí iṣẹ́ oko sì ń dúró dè wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àgbà ìjọ tí ó ń darí àdúrà dárúkọ àwọn aláìsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bá pàkúté tí mo dẹ fún òkété ni ọkàn mi wà. Gbogbo "Àmín" ni mo ṣe. N kò fo ọ̀kan.

Bí a ti ń lọ sílé, ìyá mi bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni a gbàdúrà fún?" Mo wolẹ̀. Ó ní, "Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n pè kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí kò lè dìde. Àbúrò rẹ̀ kékeré ni ó ń pọnmi." Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́! Mo ti rò pé oko ni ó lọ.

Mo gbé korobá, mo pọnmi lọ sí ilé wọn. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mọ̀ pé o ó gbọ́ orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì." N kò lè dá a lóhùn. Òkété náà ńkọ́? Pàkúté ṣófo. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí kò fọkàn sí àdúrà ń fi ìrànlọ́wọ́ du ọmọnìkejì rẹ̀. Ọlọ́run gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Èmi tí Ó lè rán ni kò gbọ́.

Má ṣe sọ̀rètí nù bí ọkàn rẹ bá ń ṣáko. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù pàápàá sùn lọ ní Getsémánì nígbà tí Ó ní kí wọ́n máa ṣọ́nà. Fa ọkàn rẹ padà jẹ́jẹ́, bí a ti ń fa ewúrẹ́ padà sí èèkàn. Rántí ojú ẹni tí o ń gbàdúrà fún, kí o sì bi ara rẹ ní ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe fún un.

Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. A gbàdúrà; a sì fi aṣọ sẹ́ omi, a gbẹ́ kànga. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí o bá kúnlẹ̀, kí o tó ṣe "Àmín," rí i dájú pé o gbọ́ ohun tí o ń ṣe é sí.