Kí ẹ tó ra onduleur

Ní Manigri, àwa olùkọ́ àtàwọn òbí dáwó ra onduleur, tí ará Nàìjíríà ń pè ní inverter, kí àwọn ọmọ tó ń múra BEPC lè kàwé lálẹ́. Olówó pọ́ọ́kú la rà. Fáànù ń kùn, ó ń gbóná, títí ó fi jóná.

Ohun tí a wá mọ̀ nìyí. Iná bátìrì ń lọ tààrà. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yẹpẹrẹ ń yí i pa dà lójijì, bí ẹni bẹ́ látorí òrùlé. Òmíràn ń gba orí àtẹ̀gùn. Bí ìpele bá ṣe pọ̀ sí i ni iná ń tẹ́ sí i. Akira Nabae àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé onípele mẹ́ta jáde ní 1981. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan tilẹ̀ ń wo iwájú: kí wọ́n tó yí swíìṣì, wọ́n á ti ṣírò ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa gbé kúràn dé, wọ́n á sì mú èyí tó dáa jù.

Ẹ̀rọ ń ro iwájú. Àwa ò rò ó. A tún ti ń dáwó báyìí. Ẹ̀yin náà, ẹ wá "sinus pur" tàbí "pure sine wave" lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.