Níbo Ni Ọkọ̀ Yín Ń Sùn?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí, owó iná ọkọ̀ ni pàtàkì. Ó kù díẹ̀ kí ó da àárín èmi àti àna mi rú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè nínú àwa méjèèjì.

Iṣẹ́ kábú ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, ní apá Peckham. Ọkọ̀ Prius kan ni mo wà fún ọdún pípẹ́ títí ó fi gbó. Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé òfin ti yí padà: láti ọjọ́ kìíní oṣù January, ọdún 2023, ọkọ̀ tí a bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì kábú fún ní ìgbà àkọ́kọ́ nílùú yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó lè rìn láìtú èéfín. Àbúrò ìyàwó mi tí ń gbé ní Dagenham ti ra ọkọ̀ oníná ṣáájú mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ rà á. Pọ́n-ùn mẹ́ta lé díẹ̀ ni mo fi ń rin 140 máìlì." Bí mo ti gbọ́ "pọ́n-ùn mẹ́ta" báyìí, etí mi di sí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. N kò bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ tirẹ̀ ń sùn.

Ilé rẹ̀ ní àyè tí a ń gbé ọkọ̀ sí níwájú, wọ́n sì ti so ẹ̀rọ tí ó ń fún ọkọ̀ ní iná mọ́ ara ògiri. Èmi ẹ̀wẹ̀, àjà kẹta ilé káńsù ni mo ń gbé. Bí mo bá na wáyà láti ojú fèrèsé mi dé ojú títì, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ wá kí mi. Nítorí náà, ibi ẹ̀rọ kíákíá tí ó wà ní gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà ńlá kan, ni mo ń gbé ọkọ̀ mi lọ láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iná sí mítà nílé mọ ohun tí ń jẹ́ yúníìtì. Yúníìtì kan a máa gbé ọkọ̀ mi rìn tó máìlì mẹ́ta àbọ̀. Ní ọdún 2025, nǹkan bí 26 pẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san fún yúníìtì kan nínú ilé wọn. Ní ibi ẹ̀rọ kíákíá, 76 pẹ́nì ni mo ń san. Àna mi ní tirẹ̀ ti bá ilé-iṣẹ́ iná rẹ̀ ṣe àdéhùn tí wọ́n ń bá ọlọ́kọ̀ oníná ṣe: láti agogo 11:30 alẹ́ títí di 5:30 àárọ̀, 8 pẹ́nì; ní gbogbo àkókò yòókù, 28 pẹ́nì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí 28 yìí, nítorí òun ni yóò dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ó dára. Yúníìtì 40 ni yóò rin 140 máìlì. Ní ilé àna mi, ní òru, £3.20 ni. Ní ibi ẹ̀rọ kíákíá, £30.40 ni. Prius mi tí mo sọ pé ó ti gbó ńkọ́? Epo nǹkan bí £16 ni yóò jẹ lórí ìrìn yẹn. Ẹ ò rí i pé mo fi owó epo sílẹ̀, mo sì lọ ń san ìlọ́po rẹ̀ fún iná!

Ìyàwó mi ni ó ń kọ ìwé ìnáwó ilé wa. Ní òpin oṣù kìíní, ó ṣí ìwé náà síwájú mi, ó ní, "Bàbá Ràfíù, ṣé ẹran ni ọkọ̀ yìí ń jẹ ni?" N kò rí èsì fún un.

Mo kọ́kọ́ ń bú àwọn oní-ẹ̀rọ náà ní ọ̀kánjúà. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé ẹ̀rọ wọ̀nyẹn wọ́n púpọ̀, wọ́n nílò wáyà ńlá àti tiransifọ́mà, owó kan sì wà tí olówó wọn ń san fún ilé-iṣẹ́ iná lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ wá, ìbáà jẹ́ pé kò wá. Mo gba ìyẹn. Èyí tí n kò lè gbé mì ni ti owó-orí ọjà. Lórí iná tí a ń lò nínú ilé, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ń gbà. Lórí iná tí a rà ní gbangba fún ọkọ̀, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Iná kan náà ni! Ẹni tí ó ní àgbàlá ń san márùn-ún, ẹni tí kò ní àgbàlá ń san ogún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá lè ṣàlàyé òdodo inú rẹ̀ fún mi, kí ó kọ̀wé sí mi.

Nígbà tí àna mi gbọ́ ìṣòro mi, ó ní kí n máa bọ̀ nílé òun. Inú mi dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ. N óò dé ní agogo méje alẹ́, n óò so ọkọ̀ mọ́ ògiri, a óò jẹun, a óò ṣeré, n óò sì padà sílé ní agogo mọ́kànlá. Ẹ̀rọ ilé kì í yára bí ti gbangba, yúníìtì méje ni ó ń fún ọkọ̀ ní wákàtí kan, nítorí náà nǹkan bí 28 ni mo ń gbé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méje nínú rẹ̀ ni àlọ àti àbọ̀ ń jẹ tán. Pọ́n-ùn márùn-ún ni mo ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Mo ṣírò rẹ̀ pé 28 ní ọ̀nà 8 pẹ́nì, £2.24 ni, èmi sì ń fún un ní ju ìlọ́po méjì lọ. Mo tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn mi pé ọlọ́wọ́ ṣíṣí ni mí.

Oṣù méjì kọjá báyìí. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó mi dé láti Dagenham, kò bọ́ ìborùn, kò sì jókòó. Ó ní ìyàwó àbúrò òun ni ó fa òun sí kọ̀rọ̀, tí ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Owó iná wa ti gòkè, bàbá wọn kò sì lè wí." Agogo méje sí mọ́kànlá, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ní òru tí iná fi ń jẹ́ 8 pẹ́nì! 28 pẹ́nì ni mo ń gbà. £7.84 ni iná tí mo ń gbé lọ, pọ́n-ùn márùn-ún ni mo ń san. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo ti lọ. Nǹkan bí 48 pọ́n-ùn ni mo jẹ ẹni tí ó ń ṣe mí lóore.

Àna mi mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Báwo ni yóò ṣe la ẹnu sọ fún mi pé owó mi kò pé? Ojú tì mí ju bí owó náà ti tó lọ. Mo kó 50 pọ́n-ùn lọ bá a ní ọjọ́ kejì. Ó kọ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé a ti ń ta iná fún ara wa ni?" Mo ní iná náà kì í ṣe tiwa, ti ilé-iṣẹ́ ni, wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àna. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á.

Láti ìgbà náà, alẹ́ Sátidé ni a ń lọ, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, a ó sì sùn síbẹ̀. Mo ti fi àkókò sínú ọkọ̀ náà pé kí ó má gba ohunkóhun títí di agogo 11:30. Yúníìtì 42 ni ó máa ń gbà kí ilẹ̀ tó mọ́, £3.36 ni; pọ́n-ùn márùn-ún tí mo ń fi sílẹ̀ sì wá di ọ̀yàyà lóòótọ́. Ní ọjọ́ yòókù, òpó iná títì kan wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa tí wọ́n ṣe ojú ìgbaná sí lára, nǹkan bí 50 pẹ́nì ni yúníìtì rẹ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n mo ń sùn nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kíákíá di ti ọjọ́ tí ọ̀nà jíjìn bá ká mi mọ́.

Lálẹ́ àná, mo dé ibi òpó náà ní agogo mẹ́sàn-án. Ẹnì kan ti gbé ọkọ̀ elépo sí iwájú rẹ̀, ó ti sùn lọ.