Omi Tí Mo Fi Fọ Ogún Bàbá Mi

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọlọ́mọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: bí a ti ń fọ aṣọ, bí a ti ń mú àbàwọ́n kúrò, bí a ti ń tọ́jú ohun èlò kí ó lè pẹ́. Nítorí náà, ìtìjú díẹ̀ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ́ni ní ìmọ́tótó náà ni mo fi ba ogún bàbá mi jẹ́.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n papò dà, wọ́n fi ìwé ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń kó sítáǹpù sí, èyí tí bàbá tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fà á lé wọn lọ́wọ́. A kò tíì ṣe ogójì ọjọ́ wọn tán tí ọkùnrin kan fi wá sọ fún màmá mi pé òun yóò ra ìwé náà lódindi. Owó tí ó dá lé e kò tó ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi ọkùnrin fún sáà kan. Ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ń lé wa, màmá sì ti fẹ́ gbà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní oṣù kan kí n fi wádìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ṣí ìwé náà, mo rí sítáǹpù Èkó mẹ́ta tí wọn kò tíì lò, tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbẹ́ta. Orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára wọn, pẹ́nì kan ni iye wọn, àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ sì ni wọ́n. Ìdọ̀tí wà lára ọ̀kan. Ẹ wo ohun tí ẹni tí ń kọ́ni ní ìfọṣọ yóò ṣe! Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àwo, mo kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo sì rẹ sítáǹpù náà. Ìdọ̀tí kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ bá omi lọ, àwọ̀ rẹ̀ náà sì ṣí. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní í mú èkúté pe ológbò níjà. Mo sá a gbẹ, mo dá a padà sí àyè rẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹ̀kọ́ lọ, bí ẹni tí ó jẹun tán kí ó tó bèèrè ohun tí wọ́n fi sè é.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 1874 ni Èkó kọ́kọ́ ní sítáǹpù tirẹ̀. Sítáǹpù méjì lè jọ ara wọn lójú, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ọdún kan náà. Ọ̀nà méjì ni a fi ń dá àwọn ti Èkó yìí mọ̀. Èkíní ni ihò wẹ́wẹ́ tí ó yí etí wọn ká. A ó ka iye ihò tí ó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì: ti 1874 jẹ́ méjìlá àti ààbọ̀, àwọn tí ó tẹ̀lé e láti 1876 jẹ́ mẹ́rìnlá. Èkejì ni àmì tí ó fara pamọ́ sínú pépà. Ẹ da sítáǹpù dojú dé sórí àwo dúdú, tàbí kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí adé kan àti lẹ́tà méjì lábẹ́ rẹ̀. CC ni ti àkọ́kọ́. Láti 1882, ó di CA.

Mo mú rúlà, mo mú awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà ní ihò mẹ́rìnlá, ọ̀kan CC, ọ̀kan CA. Ẹ̀kẹta, tí ó dàgbà jù, méjìlá àti ààbọ̀ ni tirẹ̀. Òun ni mo fọ̀.

Àwọn ilé àyẹ̀wò wà tí àwọn àgbà nínú ìmọ̀ yìí ti ń yẹ sítáǹpù wò, tí wọ́n sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Royal Philatelic Society ní London ti ní ìgbìmọ̀ irú rẹ̀ láti 1894. Philatelic Foundation ti New York bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Iṣẹ́ méjì wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ pò pọ̀. Ọ̀kan ni láti sọ irú ẹni tí sítáǹpù jẹ́: ṣé ojúlówó ni, ṣé ẹnìkan ti tún un ṣe? Èkejì ni máàkì tí àwọn ilé kan ń fún un, tí ó lè dé 100, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ti wà ní àárín gbùngbùn sí àti bí ara rẹ̀ ti dá ṣáká sí. Máàkì gíga kò sọ sítáǹpù tí ó pọ̀ lọ́jà di èyí tí ó ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìyàwó ilé lè tàn án jẹ: ní 1918, wọ́n tẹ ọkọ̀ òfuurufú sódì sára sítáǹpù kan ní Amẹ́ríkà, ọgọ́rùn-ún péré ni ó bọ́ sí ìta, àṣìṣe náà gan-an ni àwọn olówó sì ń dù.

Mo fi méjì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan ní òkè òkun. Owó ọjà ilé mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbà, mo sì bá ọkọ mi jíròrò kí n tó san án. Oṣù kan tí mo tọrọ di márùn-ún. Láàárín ìgbà náà, mo yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n má baà lé àbúrò mi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní ojúlówó ni méjèèjì. Wọ́n ní ẹnìkan ti fi gọ́ọ̀mù tuntun kun ẹ̀yìn ẹni CA ní ìgbà kan rí. Ti 1874, wọ́n kọ ọ́ pé kò ní gọ́ọ̀mù mọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wò mí nínú ilé ìdáná mi ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Mo mú ìwé ẹ̀rí náà lọ bá màmá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀mú kékeré ni bàbá yín fi ń mú wọn. Wọn kì í jẹ́ kí n gbé omi mímu dé ìdí tábìlì náà. Mo máa ń rò pé fáàrí ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. “Àwa méjèèjì ni kò bi wọ́n léèrè.”

A kò ta ìwé náà fún ọkùnrin àkọ́kọ́. Sítáǹpù mélòó kan ni a tà fún ẹlòmíràn, tí ó ka ìwé ẹ̀rí wa, iye tí ó san sì ju èyí tí ti ìṣáájú dá lé gbogbo ìwé lọ. Kò sọ wá di ọlọ́rọ̀. Ó san gbèsè ẹgbẹ́, ó sì kù díẹ̀.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ má fọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ìka mú un, nítorí òógùn. Ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú ni kí ẹ lò. Ẹ má gbé e síbi tí ó tutù, nítorí gọ́ọ̀mù a máa lẹ̀ mọ́ pépà nígbà òjò. Bí sítáǹpù bá wà lára lẹ́tà àtijọ́, ẹ má yọ ọ́: àpòòwé àti òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀ lè níye lórí ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sanwó àyẹ̀wò, ẹ wo ìwé iye owó sítáǹpù, irú èyí tí Stanley Gibbons ń tẹ̀. Bí owó àyẹ̀wò bá fẹ́ tó iye sítáǹpù, ẹ fi owó yín ra oúnjẹ ọmọ.

Ti 1874 wà lọ́wọ́ mi di òní. Mo máa ń mú un lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí mímú àbàwọ́n kúrò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè rí i kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọṣẹ.