Ìwòrì Méjì àti Ọmọ Tó Ń Kọ́ Ìbọn Yíyìn

Bí ènìyàn bá ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, kí ni ẹbọ ń ṣe fún un, kí sì ni ó kù tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe? Ọmọ àbúrò mi kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ló gbé ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ mi níbí ní OPIC Estate. Ó ti tó nǹkan bí ọdún kan tó ti ń kọ́ eré ìdíje ìbọn ìléwọ́. Ó fẹ́ kí n ṣe àkóṣe fún òun, kí ọwọ́ òun má gbọ̀n mọ́, kí ọta òun má sì tàsé.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Practical shooting ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ọdún 1976 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń darí rẹ̀, IPSC, sílẹ̀ ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri, Jeff Cooper sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe eré pé ká dúró sójú kan ká máa yìnbọn sí pátákó kan ṣoṣo. Olùdíje a máa rìn, a máa sáré, a máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri onígi, a máa pààrọ̀ ilé ọta, aago a sì máa ka àkókò rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti dún títí di ìgbà tí ìbọn ìkẹyìn bá ró. Ọ̀rọ̀ Látìnì mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àkọmọ̀nà: diligentia, vis, celeritas. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún wọn ni ìpéye, agbára àti ìyára. Ẹ kíyè sí i pé ìyára ló gbẹ̀yìn.

Ìṣirò wọn náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọta tó bá wọ àárín pépà gba máàkì 5. Fún ìbọn tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, ìpele kejì gba 3, ìpele òde gba 1. Ọta tó bá tàsé, wọn a yọ máàkì 10 lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a pín àpapọ̀ máàkì sí iye ìṣẹ́jú àáyá tí olùdíje lò. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni méjì tí wọ́n yin ọta mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni àkọ́kọ́ fara balẹ̀, gbogbo ọta rẹ̀ wọ àárín, ó gba 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Èsì rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹnì kejì sáré, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 7 parí, ṣùgbọ́n márùn-ún ló wọ àárín, méjì bọ́ sí ìpele kejì, ẹyọ kan tàsé: 25 àti 6 jẹ́ 31, a yọ 10, ó ku 21, a pín in sí 7, èsì rẹ̀ jẹ́ 3. Ẹni tó sáré náà ló gbẹ̀yìn.

Ohun tó ba ọmọ náà nínú jẹ́ kọjá ọta tó ń tàsé. Nínú ìdíje kejì tó lọ, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kó máa lọ jókòó. Ó ń sáré sí apá òsì, ó sì ń pààrọ̀ ilé ọta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ìbọn rẹ̀ wá yí kọjá ìlà tó pín iwájú kúrò lára ẹ̀yìn. Òfin eré náà kò gba èyí: ẹni tó bá yí ẹnu ìbọn sẹ́yìn, tàbí tí ìbọn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, eré ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Bàbá, ojú tì mí gan-an. Bóyá orí mi ò gbà á. Ẹ bá mi wo nǹkan tí a lè ṣe sí i, àbí kí n tà á kí n sinmi.” Mo bi í pé ta ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ìbọn yí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó mú aago dání ni, pé ó ní ọmọ mẹ́ta.

Mo gbé Ifá kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìwòrì Méjì ló jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú odù mọ bí a ti ń tẹ Ìwòrì: ìlà méjì lókè, ìlà kan, ìlà kan, ìlà méjì nísàlẹ̀. Odù yìí ni a fi ń bẹ Ifá pé kó fi ojú rere wo ọmọ rẹ̀, kó má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró síbi ẹ̀bẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a ti kọ́ mi, ìwò inú odù yìí ní ojú méjì: Ifá ń wo ọmọ, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ máa wo Ifá. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a wo òun, tí òun kò sì wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ìdajì odù ló mú lọ sílé. Mo sọ fún un pé ẹbọ la ó rú, a ó sì bọ Ògún, nítorí irin lọ́wọ́ rẹ̀, Ògún ló ni irin. Àkóṣe tí yóò máa bá a fojú sun nǹkan, mi ò ní ṣe é.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó rán mi létí ìtàn tafàtafà tó ní ọfà kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀sì ní Bàhíà ní Brazil ń pa títí di òní. Nínú ìtàn náà, ẹyẹ ńlá kan tí àwọn ìyá rán wá bà sórí ààfin nígbà ọdún iṣu. Ọdẹ tó ní ogún ọfà ta á, kò bà á. Ẹni tó ní ogójì ta á, kò bà á. Ẹni tó ní àádọ́ta náà ta tirẹ̀ tán. Ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo ló kù. Ìyá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, ó rú ẹbọ adìyẹ, bí ẹbọ náà sì ti ń dà ni ọmọ rẹ̀ ń fa ọrun. Ọfà náà wọ ẹyẹ láyà. Ó ní, “Ẹbọ ló ṣe é, Bàbá. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Ẹbọ ṣí àyà ẹyẹ náà, ó mú ohun tí ń dáàbò bò ó kúrò. Bí ọfà náà bá ti lọ sí apá ibòmíràn, àyà tó ṣí sílẹ̀ kì bá wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì tún wò ó: kí ni ọdẹ fi ń gbé pẹ̀lú ọfà kan ṣoṣo? Ẹni tó ní àádọ́ta lè ta mọ́kàndínláàádọ́ta dànù kó tó ronú. Ẹni tó ní ẹyọ kan ti ní láti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ nílé kó tó dé oko. Bí mo ti lóye ìtàn náà nìyẹn. Ẹbọ a máa la ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹni la sì fi ń rìn ín.

Mo wá fi iṣẹ́ tèmi ṣe àpẹẹrẹ fún un. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kí a tó fún ọmọ awo láyè láti tẹ Ifá fún ẹnikẹ́ni, yóò ti fi ikin 16 ṣeré lórí ẹní fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ọpọ́n níwájú rẹ̀, kò sí oníbèéèrè, kò sí owó. Yóò kó ikin sí ọwọ́ òsì, yóò fi ọ̀tún gbá a. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ìlà méjì la ń tẹ̀; bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ohunkóhun kò ṣẹ́kù, a kò tẹ nǹkan kan, a ó tún un gbá. Ọwọ́ ọmọdé kì í gba ikin 16 dáadáa. Ọ̀gá mi kì í sọ pé “yára.” Ohun tó ń sọ ni pé kí ọwọ́ má ṣe gbá lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ìyára dé fúnra rẹ̀ nígbà tí ohun àṣedànù tán lọ́wọ́ wa.

Ó yà mí lẹ́nu láti gbọ́ pé bí àwọn ọ̀gá eré ìbọn náà ti ń kọ́ ọmọ nìyẹn. Wọ́n ní ìdánrawò tí kò ní ọta nínú. Ènìyàn a tú ọta kúrò nínú ìbọn, a kó gbogbo ọta jáde kúrò nínú yàrá náà pátápátá, a yẹ ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, a sì kọjú sí ògiri tí kò sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti máa fa ìbọn yọ nínú àkọ̀, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ọwọ́ ọ̀tún a di ìbọn mú sókè dáadáa, ọwọ́ òsì a dí gbogbo àyè tó kù, kí ìbọn má baà ta lọ bó ṣe wù ú. Ojú a wá irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn. Ìka a fà á sẹ́yìn tààrà, láìsí pé irin kékeré náà mì. Bí ó bá mì, ìka ló tì í. Kó tún un ṣe.

Àìsàn tó sábà máa ń ṣe olùbẹ̀rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ń bẹ̀rù ìró kí ìró tó dé, ó sì ń ti ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ ṣáájú. Ìwòsàn rẹ̀ kò nílò egbòogi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò da ọta òkú pọ̀ mọ́ ọta ààyè nínú ilé ọta, láìjẹ́ kó mọ èyí tó kàn. Nígbà tó bá fa ọta òkú, tí ìbọn kò dún, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀. Ìwòrì Méjì nìyẹn: ọmọ ń wo ara rẹ̀. Ní ti ìrìn, mo ní kó máa rin ọ̀nà náà láìní ìbọn lọ́wọ́ ná, kó máa nàka síwájú, kó sì rí i bóyá ìka náà yóò yí sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yà sósì. Kó máa jẹ́ kí ìka rẹ̀ wà lóde ibi tí a ń fà ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń rìn. Kó sì máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé.

Ìdí tí mo fi le mọ́ ọn lórí ẹnu ìbọn wà nínú ìtàn tí gbogbo wa mọ̀. Ògún dé Ìrè lọ́jọ́ tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dá a lóhùn. Ó gbé agbè ẹmu, ó ṣófo. Ó fa idà yọ, ó bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí kó tó mọ ohun tó fa ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìdà náà kò tàsé o. Ọwọ́ Ògún péye. Ojú ni kò kọ́kọ́ wò. Òun tó ni irin kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀. Ta ni ọmọ tó kọ́ irin fún ọdún kan, tí yóò ní òun kò nílò ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún òun?

Kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé: òfin ìbọn ti 1959 tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà fi ìbọn ìléwọ́ sára àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ yìí kó lọ ra ohun tí yóò kó o sí wàhálà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ bá ọdẹ àdúgbò tó gbé ṣakabùlà mu, ó bá awakọ̀ mu, ó bá ọmọ awo tó ń kánjú àti máa dá Ifá fún ènìyàn mu.

A rú ẹbọ náà. Mo fi àkùkọ, epo àti ẹ̀sun iṣu bọ Ògún fún un, mo sì gbàdúrà kí ojú Ifá má kúrò lára rẹ̀. Òun náà ṣe tirẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó tún lọ sí ìdíje, kò gba ipò kankan tí a lè fi ṣe àjọyọ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wà lẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n ó parí gbogbo rẹ̀, ọta méjì péré ló tàsé, ọkùnrin tó mú aago dání sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó tún pè mí, kò bèèrè àkóṣe mọ́. Ó bi mí pé báwo ni ó ti pẹ́ tó kí ọwọ́ mi tó gba ikin 16.

Kí Ifá fi ojú rere wo gbogbo wa, kó sì fún wa ní ojú tí a ó fi wo iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.