Ilẹ̀kùn Sienna tó ń dá ṣí ara rẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ Sienna kọ́kọ́ ń wọ ìlú, àwọn èrò ibùdókọ̀ a máa dúró wòran. Awakọ̀ á jókòó sí àyè rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì kan péré, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á sì rọra fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé iwin ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọdé á pariwo, àwọn àgbà á sì mi orí. Lónìí, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbé èrò, láti Ìwó Road n'Ìbàdàn títí dé Jibówú l'Ékòó, kí ẹ ka iye ilẹ̀kùn tó ṣì ń dá ṣí ara rẹ̀. Ẹ ó rí i pé wọn kò pọ̀. Èyí tí wọ́n fi okùn so wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi èjìká gbún kó tó pa dé wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí awakọ̀ yóò máa kìlọ̀ fún èrò pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Ọkọ̀ náà kò jẹ̀bi tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń bú u. Àwọn ìdílé Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, bàbá tó ń ti ọjà bọ̀. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní ìlú Princeton, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ilẹ̀kùn tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń ṣí nígbà díẹ̀ lójúmọ́ ni wọ́n wá ń ṣí tí wọ́n ń pa dé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní páàkì, nínú eruku ọyẹ́ àti ẹrọ̀fọ̀ òjò, lẹ́yìn tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun kó tó di tòkunbọ̀.

Ẹ̀rọ iná kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ike ló ń ṣiṣẹ́ náà. Òun ló ń wé okùn onírin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí okùn náà yóò sì fa ilẹ̀kùn lọ fà á bọ̀ lórí róólà, lójú irin tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá ń pa dé lọ tí ó sì kan ọwọ́ ènìyàn tàbí ẹrù, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n lára kó sì padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó ń dé ìdajì ọ̀nà tó ń padà kì í sábà jẹ́ ti wèrè. Ohun kan ló wúwo fún un jù, ó sì rò pé ènìyàn lòun kàn.

Awakọ̀ kan wà tó ń ná Ìbàdàn sí Ìlọrin. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ké bí ẹni ń lọ òkúta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì kà á sí. Ilẹ̀kùn apá òsì ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí ó ti fi okùn so ìyẹn mọ́ inú, nítorí pé apá ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ mìíràn ń gbà kọjá, kò sì fẹ́ kí èrò kankan já sí wọn lójú. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti iwájú ọkọ̀. Awakọ̀ dúró. Èrò méje ló wà nínú ọkọ̀, gbogbo wọn sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún láti inú, kò dáhùn. Awakọ̀ sáré bọ́ sílẹ̀ láti ṣí i láti ìta, ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti ń dẹ̀ tẹ́lẹ̀ kán sí i lọ́wọ́. Okùn apá òsì ti di kókó tí ẹnikẹ́ni kò lè tú.

Ẹnu ọ̀nà iwájú ni gbogbo wọn gbà jáde. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí wọ́n ní láti gbé kọjá lórí àga, tí gèlè rẹ̀ há, tí ó sì ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ tán ni wọ́n rí i pé omi gbígbóná láti inú radiétọ̀ ló ń rú, kì í ṣe iná. Ìyá náà jókòó sórí koríko, ó wo awakọ̀, ó ní: "Ọmọ mi, tó bá jẹ́ iná ńkọ́?" Awakọ̀ kò rí èsì fọ̀.

Ríwáyà tó wà nídìí páàkì sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ilẹ̀kùn ló kú, ó sì dá owó ńlá lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò ní owó náà lọ́wọ́. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá ríwáyà kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló kú."

"Wọ́n fi kí ni wò ó?"

"Wọn ò fi nǹkan kan wò ó, sà."

Bàbá náà kò kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ kankan. Ó wo súìṣì kan tó wà nítòsí awakọ̀, èyí tí wọ́n kọ PWR DOOR OFF sí, nítorí pé àwọn kan ti sanwó iṣẹ́ rí lórí súìṣì tí ọmọdé tẹ̀. Ó wo bóyá jíà wà ní P. Ó wo ìdérí ibi tí wọ́n ń bu epo sí, torí pé lára Sienna, bí ìyẹn bá ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn òsì kò ní ṣí. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kó má baà gbá ẹni tó ń bu epo. Lẹ́yìn náà ló gbé mítà sí bátìrì. Bátìrì tó sinmi yẹ kó sún mọ́ 12.6, bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 12, ó ṣeé ṣe kó rẹ ilẹ̀kùn lójú ọ̀nà. Ti ọkọ̀ yìí dára.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó tú ike, ó sì tú ilẹ̀kùn náà ṣí láti inú. Lára etí rẹ̀ ló ti rí ìdí kìíní: irin kékeré tí wọ́n ṣe nítorí ọmọdé, tí ó bá wà nísàlẹ̀ tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní lè ṣílẹ̀kùn láéláé. Ẹnì kan ti tì í sísàlẹ̀, bóyá láti ọdún mélòó sẹ́yìn lókè òkun. Ó wá pa iná ilẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ tì í lọ tì í bọ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Bí ilẹ̀kùn bá fúyẹ́ lọ́wọ́, iná ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, ìyẹn fíúsì, wáyà àti ìdè rẹ̀. Bí ó bá wúwo, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ kọ̀ǹpútà rárá. Èyí wúwo bí òkúta. Róólà àárín ti jẹ, iyanrìn kún ojú irin, okùn onírin náà sì ti tú bí ìgbálẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ sínú ihò tó yẹ kó máa gbà kọjá.

Ohun méjì ló kù láti ṣe: kí wọ́n ra okùn àti ẹ̀rọ rẹ̀ ní tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, tàbí kí wọ́n yọ okùn náà kúrò pátápátá kí ilẹ̀kùn di afọwọ́fà. Awakọ̀ náà yan èkejì. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀ fún ọkọ̀ èrò, níwọ̀n ìgbà tí róólà bá jẹ́ tuntun, tí ìdè ilẹ̀kùn bá ń gbá dáadáa, tí ọwọ́ inú àti ọwọ́ ìta sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá yàn láti ra tuntun, kó rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ bátìrì, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ pa dé pátápátá kó tó tún mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó ń gbéra sókè, ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pá méjì tí afẹ́fẹ́ líle wà nínú wọn ló ń gbé e dúró. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti jò, ilẹ̀kùn yóò gbéra díẹ̀, yóò sì padà, tàbí kó já lulẹ̀ lójijì lé ẹni tó ń kó ẹrù lórí. Ẹ máa fi igi tì í títí ẹ ó fi pààrọ̀ àwọn ọ̀pá náà, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá dáhùn rárá, ẹ tú rọ́bà tí àwọn wáyà gbà kọjá lókè nídìí ìdè rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ sí ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ṣí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tó ní Sienna ti 2011 sí 2016. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, iléeṣẹ́ Toyota pe nǹkan bí 744,000 irú rẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ bá há tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń fipá fà á, fíúsì lè jó. Bí ó bá jó nígbà tí ìdè ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn lè ṣí lórí ìrìn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn ti wọ Nàìjíríà láìṣe àtúnṣe náà. Nọ́ńbà oníhóró 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lápá òsì, ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ọmọ tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò bá yín fi sí ojú ewé àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà. Kò gba owó kankan. Yóò sọ fún yín bóyá àtúnṣe náà ṣì wà nílẹ̀.