Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ṣì Í Sọ

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi ní Bódìjà, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí àlejò láti òkè òkun bá dé àwọn ìlú ńlá Ṣáínà, pàápàá ibi tí èrò ìgbafẹ́ ń wọ́ lọ bí Odi Ńlá tó wà nítòsí Beijing, ọmọdé kan lè yà bá a ní gbangba láìmọ̀ ọ́n rí. Ọmọ náà lè má ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ìyá tàbí bàbá rẹ̀ á dúró lẹ́yìn díẹ̀, á máa mi orí sí i pé kó lọ. Ọmọ á kí àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì, á béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá, á sọ iye ọdún tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́, á dúpẹ́, á sì sáré padà. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún lè má gún rárá. Inú òbí rẹ̀ á ṣì dùn.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láti 2001 ni ìjọba Ṣáínà ti ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú gaokao, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, èdè ilẹ̀ òkèèrè wà lára iṣẹ́ mẹ́ta tó jẹ́ dandan, òun pẹ̀lú èdè Ṣáínà àti ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Àmọ́ tí ọmọ bá ti jáde ní kíláàsì, kò rẹ́ni bá sọ ọ́. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀, òun ni wọ́n ń sọ lọ́jà, òun náà ni wọ́n ń sọ nílé. Àwọn àgbàlagbà pàápàá máa ń wá ibi tí wọ́n á ti fi ẹnu lò ó: ní People's Park ní Shanghai àti nínú ọgbà Yunifásítì Renmin ní Beijing, àwọn tí kò mọ ara wọn rí máa ń péjọ láti bá ara wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì lásán. Igun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà láti ìgbà tí Ṣáínà ti ṣílẹ̀kùn fún ayé ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Ọ̀rọ̀ tiwa níbí yàtọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti wà nítòsí wa láti 1948, IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà lọ́nà Mọníyà láti 1967. Òyìnbó kì í ṣe ohun àrà lójú ọmọ Bódìjà, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó máa wá wọn kiri kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni wọ́n ń wá wa. Ètò kan wà tí wọ́n pè ní Yoruba Flagship, ìjọba Amẹ́ríkà ló náwó sí i, òun ló ti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà wá sí Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ Yorùbá tinútinú. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sí kíláàsì nìkan. Á wọ Ọjà Bódìjà, á fẹ́ ná ọjà fúnra rẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ìyá ọjà wa ṣe ń ṣe é. Ó kí wọn "Ẹ káàárọ̀" nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, wọ́n á ní, "Ẹ káàsán là ń kí báyìí, ọmọ mi." Á tún un sọ, wọ́n á yìn ín. Ó fẹ́ ra kóńgò ẹ̀wà kan, ohùn ọ̀rọ̀ náà wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyá ẹlẹ́wà á rọra pè é fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, á ní kó tẹ̀ lé òun. Nígbà tó bá san owó tán, ìyá ẹlẹ́wà á fi èènì sí i, á sì pe ará ṣọ́ọ̀bù kejì pé, "Ẹ wá gbọ́ o, òyìnbó tó ń sọ Yorùbá!" Inú ẹni náà á dùn dé ilé, ó sì dájú pé á padà wá. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn lédè. Kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé láàárín àwọn ará Òkukù ní àwọn ọdún 1970, ó gbọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wọn débi pé ó bá ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé tó kọ lórí oríkì àwọn ará Òkukù jáde ní 1991. Bí ó bá jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi í ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣé á dé ibẹ̀?

Ọmọ tiwa wá dé ìsọ̀ kan náà. Òun náà fẹ́ ra ẹ̀wà. Ó ṣi ohùn sọ, bíi ti òyìnbó yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ̀rín! Ìyá ọlọ́jà á ní, "Háà, ọmọ yìí ò mà gbọ́ Yorùbá." Ìyá ọmọ, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi ẹ̀rín músẹ́ dáhùn pé, "Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́." Kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ pè fún un, kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ. Ọmọ á wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á kàn na ìka sí ohun tó fẹ́ ni.

Bó bá dé ilé ìwé ńkọ́? Ibẹ̀ náà, bó bá gbé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, kíláàsì á pariwo "Gbàgáùn!" Bó bá fi Yorùbá sálà, fánákúlà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni á gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ìyẹn dáadáa. Lọ́jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Yorùbá rẹ̀. Nílé ìwé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Níbo gan-an ni ọmọ yìí ti lè la ẹnu láìbẹ̀rù? Ohun tó ń dùn mí nìyí, torí mo rí i pé ìgboyà tí ọmọ Ṣáínà fi ń lọ bá àlejò, inú ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ òbí tí kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa bọ́ ọmọ. Òótọ́ ni, láìsí Gẹ̀ẹ́sì kò sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé Yorùbá ló ń dí i lọ́wọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, Ford Foundation ló ran ètò náà lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn. Ilé ló kù báyìí o.

Èmi ò sọ pé ká mú ti Ṣáínà lódindi. Àlejò tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe olùkọ́ ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe ohun ìwòran. Kí ọmọ wa má máa pariwo "Òyìnbó!" tẹ̀ lé ènìyàn lójú títì, ẹni náà ní orúkọ. Kó kí i kó tó béèrè ohunkóhun, kó má jìnnà sí ojú òbí, kó má bá a dé ìdí ọkọ̀, kó dúpẹ́ kó tó kúrò. Bó bá sì jẹ́ pé Yorùbá ni àlejò ọ̀hún fi kí i, Yorùbá ni kó fi dá a lóhùn. Ó máa ń ká mi lára tí ẹni tó wọ bàálù wá láti Amẹ́ríkà bá ń sọ Yorùbá, tí ọmọ Bódìjà ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

Ní ilé tiwa, bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Àgbà tó wà níbẹ̀ á kàn lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ nínú èsì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Bí a bá lọ sọ́jà, mo máa ń tètè bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi ń kọ́ Yorùbá. Bó bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe fún un, ẹ má bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì." Mi ò tíì rí ìyá ọlọ́jà tó kọ̀. Màá wá fún ọmọ lówó, màá sì dúró lẹ́yìn. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò yàtọ̀: kó lọ béèrè ìwé fúnra rẹ̀ ní ilé ìtàwé, kí àwa má bá a sọ ọ́.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún gan-an ni ti ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde pẹ̀lú mi kí a jọ ní kí ilé ìwé fòpin sí owó ìtanràn fánákúlà, kí àwọn olùkọ́ sì má gba ariwo gbàgáùn láyè mọ́ ní kíláàsì. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Bí a bá pọ̀, wọ́n á gbọ́.